Ibi tí Owó Oko Ń Gbà: Ìdókòwò nínú Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ẹja Pípa ní Ìgbèríko

Nígbàkigbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kalẹ̀ fún ìjíròrò, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ìjọba kò náwó sí oko. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dáadáa, a ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Owó kékeré kọ́ ni ó ti wọ oko ní ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí ọdún 1950 wá. A ra katakata, ó sì dógùn-ún. A sé odò ńláńlá. A kọ́ ilé fún àwọn ọ̀dọ́ nínú igbó. A polongo ètò kan lẹ́yìn òmíràn, láti orí Operation Feed the Nation ti ọdún 1976 dé orí Green Revolution ti ọdún 1980, títí kan DFRRI tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1986 fún ọ̀nà, omi àti iná ìgbèríko. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dé abúlé lónìí, àwọn àgbà ni yóò pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí yóò bá nídìí ọkọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi iye owó tí a ná sílẹ̀ díẹ̀, kí a bèèrè ibi tí a ná an sí. Láti ojú ebè dé inú ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀nà náà jìn. Ibo gan-an ni owó náà dúró sí lójú ọ̀nà yìí?

Ó dára kí a fi kòkó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọrọ̀ ńlá tí ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n gbé e wọ inú igbó, pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, pẹ̀lú iṣẹ́ ìwọ̀fà, pẹ̀lú owó tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ yá ara wọn. Nígbà tí igi ti dàgbà tí èso ti ń so ni ìjọba wá rọra fi ọwọ́ sí ọjà rẹ̀. Ní ọdún 1947 ni a dá Ìgbìmọ̀ Ìtajà Kòkó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ètò náà kò burú bí a ti ṣe là á sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò dá iye kan lé kòkó kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọjà àgbáyé bá gòkè ju iye náà lọ, ohun tí ó lé yóò wà nípamọ́; bí ọjà bá sì wálẹ̀, a ó mú nínú rẹ̀ gbé àgbẹ̀ ró. Ṣùgbọ́n owó tí ó wà nípamọ́ kì í pẹ́ wọ ojú aláṣẹ. Láìpẹ́, ohun tí a pè ní ààbò àgbẹ̀ di àpótí tí ìjọba ẹkùn ń mú owó nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú, iye tí a sì ń san fún àgbẹ̀ kò bá ti ọjà àgbáyé dọ́gba. Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Coker ti ọdún 1962 sọ pé apá kan nínú owó náà tilẹ̀ gba ibi tí kò yẹ kí ó gbà kọjá.

Ẹni tí ó bá ní a fi owó kòkó ṣòfò pátápátá kò sọ òtítọ́. Ní oṣù January ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000 sì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Cocoa House tí a parí ní ọdún 1965 ṣì dúró ní Ìbàdàn, orúkọ kòkó sì ni ó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí ọ̀nà tí owó náà rìn. Ó kúrò ní abúlé, ó dé Ìbàdàn, ó padà sí abúlé gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé, ilé-ìwé náà sì gbé ọmọ abúlé lọ sí ìlú. Àgbẹ̀ fi owó ara rẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ kúrò lóko. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹ̀kọ́. Ó tọ́ sí ọmọ àgbẹ̀ kí ó kàwé bí ó ti tọ́ sí ọmọ aláṣẹ. Ohun tí ó ṣe ni láàánú ni pé owó mìíràn kò dúró sí oko tí yóò fi jẹ́ pé, bí ọmọ tí ó kàwé bá fẹ́ padà, yóò bá ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà, ilé ìtọ́jú irè oko, tàbí ọjà tí wọn kò ti ní rẹ́ ẹ jẹ.

Ìjọba ìgbà náà rí ewu yìí. Kò yẹ kí a fi ìyẹn dù wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ ọdún 1955 yóò jáde ìwé mẹ́fà ní òpin ọdún 1960, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì ní kárí wọn. Olóyè Akin Deko, tí ó jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wo bí a ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbé pọ̀ ní ìletò kan, tí olúkúlùkù ní oko tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń rà tí wọ́n sì jọ ń tà. Láti inú èrò yìí ni Ibùdó Àgbẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì, ti jáde. A dá a sílẹ̀ ní Ìlọrà, ní Àkùfò àti ní ibi púpọ̀ mìíràn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. A fi ẹ̀rọ ńlá ṣán igbó, a kọ́ ilé, a la títì, a fún ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀, a sì ń fún un ní owó oúnjẹ títí irè rẹ̀ yóò fi tó tà. Gbogbo rẹ̀ ni a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè sí orí ọ̀dọ́ náà.

Níhìn-ín ni ètò náà ti kọsẹ̀. Ohun tí a ná lórí ẹnì kan ṣoṣo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba ọ̀dọ́ díẹ̀ nìkan ni ó lè rí àyè. Ọ̀pẹ, rọ́bà, ọsàn àti kòkó a máa gba ọdún púpọ̀ kí ó tó mówó wọlé. Ọmọ ogún ọdún tí gbèsè ti gùn lórí kí igi rẹ̀ tó so kò ní ṣàì máa wo ojú ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀pọ̀ wọn lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó tóbi jù wà ní ìta ọgbà ibùdó náà. Níbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ abúlé tí ó yí i ká wà, àwọn tí wọ́n ti mọ ilẹ̀ náà, tí wọ́n mọ ìgbà òjò rẹ̀, tí wọ́n sì ní ìyàwó àti ọmọ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn ni a gbà fún ibùdó náà. Wọ́n dúró sí ojú àlà, wọ́n ń wo katakata. Bí a bá pín owó ilé kan péré nínú àwọn ilé ìbùdó sórí ọ̀nà abúlé wọn, ó ṣeé ṣe kí ó ti yí ayé wọn padà ju bí gbogbo ibùdó náà ti yí ayé àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ lọ.

Kí ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ń fẹ́? Kò sí ìdí fún wa láti máa méfò, nítorí wọ́n sọ ọ́, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 ni à ń sọ. Àwọn tí kò mọ̀ ju ìjà owó orí lọ nínú ìtàn náà ti fo ìdajì rẹ̀. Lóòótọ́, owó orí ni ó dá iná sílẹ̀, òun náà sì ni a fi pa á nígbà tí a sọ ọ́ di £2. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀hónú tí àwọn àgbẹ̀ gbé síwájú Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ayọ̀ọlá, ọ̀rọ̀ iye tí a ń ra kòkó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn wolé-wolé àti akódà tí ń fìtínà wọn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ó bàjẹ́. Táfà Adéoyè àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kò béèrè fún katakata. Wọn kò ní kí a wá kọ́ àwọn ní bí a ti ń gbin kòkó. Ohun tí ń já gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ láàrin oko àti ọjà ni wọ́n ní kí a dá padà. Ó ṣòro láti rí ìwé ètò ìdàgbàsókè kan láyé ìgbà náà tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ibí yìí ni a lè wá ṣe ìyàtọ̀ kan tí ó wúlò gidigidi fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbé owó lọ sí ìgbèríko. Oríṣi iṣẹ́ kan wà tí àgbẹ̀ lè ṣe fúnra rẹ̀, tí ó sì ń ṣe é: yíyan ilẹ̀, gbíngbìn, ríro, kíkórè. Òmíràn wà tí àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè dá ṣe bí ó ti wù kí ó lágbára tó. Ìwádìí ìmọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀nà jẹ́ ọ̀kan. Ìtọ́jú irè oko kí ó má baà bàjẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Owó tí ó bá lọ sí ìhà kejì yìí ni ó máa ń so èso.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Láàrin àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá bọ́ sórí ẹ̀gẹ́ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ó sì ń rìn bọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Ewé ẹ̀gẹ́ a ká kò, igi rẹ̀ a ràn, ìyà a sì dé bá àwọn tí gààrí jẹ́ oúnjẹ wọn. Oògùn kò wọ́n lórí àtẹ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ alábọ́ọ́dé kò lówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí a máa bu májèlé lu oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ilẹ̀ tí ó ti wá. Agbọ́n tín-ín-tín kan ni wọ́n rí ní Paraguay, tí ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò náà. Ní ọdún 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn náà. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ṣíwájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 1995. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀ kan fún agbọ́n yìí. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ kòkòrò ṣì ní ọ̀tá mìíràn, èyíinì ni àkókò. Bí a bá ti fa ẹ̀gẹ́ tu, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ó ní kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára kò ní ẹnu láti ná ọjà. Iye tí alájàpá bá pè ni yóò gbà. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, tí àwọn alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà ìlú wa ń ṣe, ni ó gba ọ̀pọ̀ abúlé lọ́wọ́ ìyà yìí. Kò sí ayẹyẹ kankan tí a ṣe fún un. Bí ẹ̀rọ kékeré yìí bá ti dé, ẹ̀gẹ́ a di gààrí, gààrí a sì lè dúró de ọjà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà náà ni àgbẹ̀ lè sọ fún oníbàárà pé òun kò tà.

Bí àkókò ti jẹ́ ọ̀tá fún ẹ̀gẹ́, ìlọ́po ni ó jẹ́ fún ẹja. Ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ méjì. Ẹja tí a kó jáde lójú oòrùn kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ. Láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, láti Ẹ̀pẹ́ dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹni tí ń gbé ẹja là lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́ ni obìnrin tí ń yan ẹja. Àwọn ọkùnrin ni ń ju àwọ̀n, ṣùgbọ́n káàkiri etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe ohun tuntun pé owó obìnrin ni a fi ra àwọ̀n náà, tàbí ẹ̀rọ tí ń ti ọkọ̀. Obìnrin yóò yá apẹja lówó, apẹja yóò sì kó ẹja rẹ̀ fún un. Báńkì ni obìnrin yìí, ilé iṣẹ́ ni, ọjà sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò ìjọba bá dé etíkun, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ọkọ̀ ni a sábà máa ń kó wá fún àwọn ọkùnrin. Ẹja púpọ̀ yóò wọlé ní ọjọ́ kan náà, ààrò tí yóò yan án kò pọ̀ sí i, iye owó ẹja yóò sì já lulẹ̀ ní etí omi. Ní ọjà ìlú ńlá ẹ̀wẹ̀, títùs àti kòtẹ́ tí ó ti òkè òkun wá nínú yìnyín ni a óò máa tà.

Àwọn ará Ghana ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ní Chorkor, ní etíkun Accra, àwọn obìnrin ayanja, àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè náà àti àjọ FAO jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ ààrò ní nǹkan bí ọdún 1970. Ààrò tí wọ́n ṣe kò ní ohun àràmàǹdà nínú. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni a fi mọ ọ́n, ó ní ẹnu ìdáná méjì, a sì ń to ẹja sórí pẹpẹ onígi tí a ta wáyà sí nísàlẹ̀. A lè to pẹpẹ púpọ̀ léra wọn, kí èéfín àti ooru gba àárín gbogbo wọn kọjá kí ó tó sálọ. Igi tí ó ń jẹ kéré, ẹja tí ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ayanja máa fọwọ́ yí ẹja kọ̀ọ̀kan lójú iná. Bíríkìlà abúlé lè mọ ọ́n, káfíńtà abúlé lè kan pẹpẹ rẹ̀. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí ó mú un tàn ni pé ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ronú rẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé ìgbèríko kò mọ bí a ti ń kó owó jọ. Ìlú Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀dó ní ọdún 1947, jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò yẹ kí ó parẹ́. Àpò kan náà ni gbogbo ìlú ń dá owó sí. Pẹ̀lú èrè ẹja ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n dá oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi iná mànàmáná sí ìlú nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó tóbi jù wọ́n lọ ń tan fìtílà. Ètò àpò kan náà yí padà ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní àkókò tiwa yìí, òkun ti gba apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ ìlú náà, ó wó ilé, ó gbé ìtẹ́ òkú lọ. Ọgbọ́n àjùmọ̀ṣe lè ra ọkọ̀, ó lè ra ẹ̀rọ iná. Kò lè dá ìgbì òkun dúró. Odi etíkun wà lára àwọn iṣẹ́ tí ó ju agbára ìlú kan lọ, tí ó jẹ́ pé ìjọba nìkan ni apá rẹ̀ lè ká a.

Bí a bá kúrò ní etíkun wá sí inú ilẹ̀, àwọn ìsédò ni yóò kọ́kọ́ fà wá lójú. Odò Ọ̀yán ní apá Abẹ́òkúta ni a sé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i ní ọdún 1983, kí omi lè wà fún Èkó àti Abẹ́òkúta, kí a sì lè máa fi bomi rin oko. Ẹja pọ̀ nínú adágún náà, àwọn apẹja sì tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbín omi pẹ̀lú bá wọn tẹ̀dó, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ láàrin àwọn ọmọ abúlé tí ń wẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbèríko ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀, ìlú ńlá ni ó gba omi, ìgbèríko sì gba àtọ̀sí. Owó oògùn àti ti omi ẹ̀rọ fún àwọn abúlé etí adágún yẹ kí ó ti wà nínú ìṣirò láti ìgbà tí a ti ń ya àwòrán ìsédò náà.

Iṣẹ́ ẹja sísìn ní Èrìwè, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, kéré sí ìsédò lójú, ṣùgbọ́n ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ púpọ̀. Àwọn ará ìlú náà fúnra wọn ni wọ́n jókòó ní òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá láti wá ọ̀nà àtilé ìṣẹ́ jáde, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Awùjalẹ̀, Ọba Ṣíkírù Adétọ̀nà. Ilẹ̀ àbàtà tí kò wúlò fún iṣu ni a gbẹ́ adágún ẹja àrọ̀ sí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí àwọn àgbẹ̀ ẹja sì wà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹja àrọ̀ kì í fẹ́ yé nínú adágún tí omi rẹ̀ dá wáí, nítorí ìkún omi òjò ni ó máa ń dúró dè. Nítorí náà ni a ṣe ń gún abo rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kí ó lè yé, tí a sì ń pa akọ kí a lè rí àtọ̀ rẹ̀ fi sí ẹyin náà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹja ti tó tà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹja a máa gba ju ìdajì owó tí a ń ná lọ. Ẹni tí ó bá dá nìkan rà á yóò rà á wọ́n, ẹni tí ó bá sì dá nìkan tà yóò tà á pọ̀ọ́kú. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ṣe pàtàkì ju adágún lọ. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gbẹ́ adágún.

Kí a tó fi ọ̀rọ̀ odò sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan Gammalin. Oògùn yìí ni a pín fún àwọn olóko kòkó láti fi pa kòkòrò ara igi. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rí i pé, bí a bá dà á sínú odò, ẹja yóò léfòó fúnra rẹ̀. Wọ́n kó ẹja lọ́jọ́ kan, wọ́n sì pa ọmọ ẹja tí ì bá dàgbà lọ́dún tí ń bọ̀, láìka ewu tí ó wà fún ẹni tí ó jẹ ẹ́ àti ẹni tí ń mu omi náà. Ní ọdún 2009, Àdéhùn Stockholm fi èròjà inú rẹ̀, lindane, sára àwọn ohun tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ohun tí a ná fún kòkó ni ó ba ẹja jẹ́. Ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí kòkó àti èyí tí ń rí sí ẹja kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan náà ni ó ní oko kòkó tí ó sì ń pẹja nínú odò tí ó gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, láti ìgbà náà sì ni báńkì ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ sin sórí ilẹ̀ kan kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Obìnrin ayanja tí ààrò rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé ọkọ kò lè lálàá rẹ̀. Kí òfin náà tó jáde ni ìjọba ti gbìyànjú láti mú kí àgbẹ̀ rí owó yá, nígbà tí ó dá àpò ìdúró fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, tí àpò náà ń dá 75 padà fún báńkì nínú ọgọ́rùn-ún náírà gbèsè tí kò bá ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n ìdúró nìkan kò tó, nítorí báńkì fẹ́ràn kí a máa san owó padà lóṣooṣù, oko àti omi kò sì mọ oṣù. Kòkó ń mówó wá láti September títí di ìgbà ọyẹ́. Ẹja àrọ̀ ń mówó wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹja òkun a pọ̀ ní àsìkò kan, a sì wọ́n ní òmíràn. Àwọn tí ń dá àjọ àti èsúsú ní abúlé ti mọ èyí kí báńkì tó dé. Ìdúró tí wọ́n ń béèrè ni ènìyàn tí ó mọ ẹni tí ń yáwó àti ilé rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì ń dá fún un láti san án ni ọjọ́ tí irè rẹ̀ bá dé ọjà.